Ahọ́n Idẹ Tó Ń Fún Oníwéré Lóhùn

Nínú wéré àtijọ́, nǹkan kékeré kan lè dún kí ìlù tó dún: mouth organ. Ní òru Ramadan, tí àwọn ọ̀dọ́ Èkó àti Ìbàdàn bá ń káàkiri àdúgbò láti jí èèyàn fún sààrì, ó wà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn. Wọn kì í fi kọ orin dópin o. Wọ́n á fọn ún díẹ̀, kí olórí akọrin lè mọ ibi tí yóò ti gbé ohùn, kí àwọn agberin má baà ṣìnà. Inú wéré yìí ni Sikiru Ayinde Barrister, tí wọ́n bí ní 1948, ti jáde kó tó sọ tirẹ̀ ní fújì.

Kí ló dé tí wọn kò fi gbé gbogbo orin lé e lórí? Lójú tiwa, inú rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ihò 10 ló ní, ahọ́n idẹ 20: ìdajì ń dún bí a bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, ìdajì bí a bá fa atẹ́gùn. Ní Jámánì, níbi tí Matthias Hohner ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1857, ohun tí wọ́n ń wá ni kí ohùn mẹ́ta dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí èyí, fa àti la kò sí ní apá ìsàlẹ̀. Àìsí fa kò dun wá púpọ̀, nítorí do, re, mi, so, la ni ọ̀pọ̀ orin wa ń tẹ̀. Àìsí la ló ba nǹkan jẹ́.

Àkọ́díọ̀nù, ìbátan rẹ̀ tó ní irú ahọ́n kan náà, rí ipò tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. I.K. Dairo gbé e wọ jùjú, ó sì ń fi dá orin. Ní 1963 wọ́n fún un ní oyè MBE.

Síbẹ̀, la yẹn ṣeé rí nílé. Ihò kẹta tí a bá fẹ́ àti ihò kejì tí a bá fà, so kan náà ni wọ́n ń pè, nítorí náà ọ̀kan lè yẹ̀ fún la. Ẹ tú u, ẹ fi bébà líle ti ahọ́n ihò kẹta lábẹ́, kí ẹ fi abẹ fẹ́lẹ́ họ ṣóńṣó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ohùn á gòkè. Bó bá gòkè jù, ẹ họ ìdí rẹ̀, á wálẹ̀. Ẹ máa fi wé la tó wà ní ihò kẹfà tí a bá fà. Ní Mafoluku tiwa níbí, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí bàálù kọjá ná.