Gìtá Ẹ̀yìn Ìlẹ̀kùn

Bí ẹ bá wọ yàrá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí ẹ sì ti ìlẹ̀kùn padà, ẹ ó rí gìtá kan tí ó fara ti ògiri. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí ó ti wà níbẹ̀. Méjì nínú okùn rẹ̀ mẹ́fà ti já, aláǹtakùn sì ti ta tirẹ̀ dí àlàfo wọn. Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Igi pẹlẹbẹ tí wọ́n so okùn mọ́ ní ìdí rẹ̀ ti ń ṣí kúrò lára pákó. Gbogbo ilé wa ló mọ ìtàn gìtá yìí ní gbólóhùn kan: ẹ̀gbọ́n mi rà á, ó ta á fún oṣù méjì, ó sú u, ó pa á tì. Ọ̀lẹ ni wọ́n pè é. Òun náà kò sì jiyàn.

Ní ọdún tó kọjá, mo sọ fún àwọn òbí mi pé mo fẹ́ ra gìtá. Owó tí mo kó jọ ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi ni mo fẹ́ fi rà á. Màmá mi kàn na ìka sí ìlẹ̀kùn yẹn ni. Bàbá mi ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Lọ wádìí ohun tó pa ti àkọ́kọ́ ná. Bí o bá mọ̀ ọ́n, kí o ra tìrẹ." Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Odindi ìsinmi kan ni ó gbà mí, ó sì gbé mi dé Sípéènì, Jámánì, Amẹ́ríkà àti Èkó àtijọ́, láì dìde lórí àga.

Ọ̀rọ̀ náà "gìtá" fúnra rẹ̀ ti rìn jìnnà. Ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àwa ti gbọ́ ọ. Àwọn ará Sípéènì ń pè é ní guitarra, ọ̀rọ̀ yìí sì bá kithara ti àwọn Gíríìkì àtijọ́ tan. Ṣùgbọ́n irú gìtá tí ojú wa mọ̀ lónìí kò tí ì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Káfíńtà kan tí ń jẹ́ Antonio de Torres, tí wọ́n bí ní ìhà Almería ní Sípéènì ní ọdún 1817, ni ó sọ ọ́ di oníbàdí ńlá. Ṣáájú rẹ̀, gìtá kéré, ohùn rẹ̀ kò sì jìnnà. Torres mú àpótí rẹ̀ fẹ̀ sí i, ó fá pákó iwájú títí ó fi fẹ́lẹ́, ó sì to igi tín-ín-rín sí abẹ́ pákó náà bí ẹni to ọwọ́ abẹ̀bẹ̀, kí okùn má baà fà á ya. Okùn tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 65 ni ó lò, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe gìtá olókùn náílọ̀n ṣì ń lò títí di òní.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn Torres ni ti ọdún 1862. Ó ṣe gìtá kan tí ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀ jẹ́ páálí, ó sì fi igi gidi ṣe pákó iwájú. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé pákó iwájú ni ohùn ti ń wá. Gìtá náà ṣì wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti orin ní Barcelona. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní kíláàsì, ọ̀rẹ́ mi ní òun ti mọ ohun tí òun yóò fi páálí bisikíìtì tó wà nílé àwọn ṣe.

Okùn tí Torres lò ni ọ̀rọ̀ wà. Ìfun àgùntàn ni wọ́n máa ń fọ̀, tí wọ́n á sì lọ́, láti fi ṣe okùn gìtá nígbà náà. Ìfun kò le, kò sì fa gìtá ní ìfà burúkú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìfun wọ́n, nítorí àwọn dókítà ń fi í rán ojú ọgbẹ́. Ní New York, Albert Augustine wá bẹ̀rẹ̀ sí fi náílọ̀n ṣe okùn gìtá, irú náílọ̀n tí a mọ̀ mọ́ okùn ìwọ̀ ẹja. Láti ìgbà náà ni náílọ̀n ti gba ipò ìfun, ara gìtá tí wọ́n sì ń fi í sí kò yí padà púpọ̀ sí ti Torres.

Ọ̀nà kejì gba Jámánì. Christian Frederick Martin jẹ́ ọmọ Markneukirchen, ìlú àwọn tó ń ṣe ohun èlò orin. Ìjà kan wà níbẹ̀ tí ó pa mí lẹ́rìn-ín: ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe fayolín ní àwọn káfíńtà kò gbọdọ̀ ṣe gìtá, pé àpótí aṣọ àti tábìlì ni kí wọ́n gbájú mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà ni ìdílé Martin wà. Ní ọdún 1833, ó kó ẹbí rẹ̀, ó ré òkun lọ sí New York, lẹ́yìn náà ó lọ tẹ̀dó sí Nazareth ní Pennsylvania, níbi tí ilé iṣẹ́ náà wà títí di òní. Dípò abẹ̀bẹ̀ Torres, ilé iṣẹ́ Martin to igi abẹ́ pákó ní àgbélébùú, wọ́n dábùú ara wọn. Igi bẹ́ẹ̀ lágbára ju ti abẹ̀bẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn olórin Amẹ́ríkà wá ń béèrè fún okùn irin, kí ohùn gìtá lè ròkè láàárín fayolín àti bánjò, ara gìtá tí ó lè gbà á ti wà nílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920 ni okùn irin di àṣà níbẹ̀. Ti ńlá tí ó wọ́pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù wa lónìí, Dreadnought ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1906 ni wọ́n fi sọ ọ́, nítorí títóbi rẹ̀. Martin kọ́kọ́ ṣe é fún ilé ìtajà Ditson ní ọdún 1916, kí ó tó máa fi orúkọ ara rẹ̀ tà á ní 1931.

Ìṣirò kan ló mú mi dìde. Bí a bá ro fífà okùn náílọ̀n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, ó tó nǹkan bí ẹrù kílò 40. Ti irin máa ń tó kílò 70, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Nítorí náà, gìtá olókùn náílọ̀n ń ru ohun tí kò tó àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ́sàn-án àti lóru. Olókùn irin sì ń ru bí àpò kan ààbọ̀. Ẹni tí a kò kọ́ láti ru àpò kan ààbọ̀, tí a wá gbé e lé lórí ńkọ́?

Mo lọ sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Mo wọn ọrùn gìtá ẹ̀gbọ́n mi níbi tí ó ti bá orí pàdé: ó fẹ̀ tó mílímítà 52. Ti olókùn irin kì í sábà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ ní ihò gígùn méjì, bí ti àwọn ará Sípéènì. Ọmọ Torres ni, kò sí àríyànjiyàn. Mo wá fọwọ́ kan okùn mẹ́rin tó kù. Irin ni gbogbo wọn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, mo bi í. Ó ní nígbà tí òun rà á, okùn rẹ̀ rọ̀. Ọ̀kan já, òun lọ sí ọjà, òun ní kí wọ́n fún òun ní okùn gìtá. Ẹni tó tà á fún un kò bi í irú gìtá tí ó ní. Ó yọ gbogbo ti àtijọ́, ó fi tuntun sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, okùn ti ga kúrò lórí ọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìka rẹ̀ fi ń bó bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ̀yin náà kò wá sọ fún ẹnikẹ́ni?" Ó ní, "Mo rò pé bí gìtá ṣe máa ń rí nìyẹn."

Gbólóhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi nígbà tí mo ń ka ìtàn gìtá nílẹ̀ wa. Àwọn atukọ̀ Kru, ọmọ Làìbéríà, tí ń bá ọkọ̀ òyìnbó ṣiṣẹ́ láti èbúté dé èbúté, wà lára àwọn tó tan bí a ṣe ń fi ìka méjì péré, àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá, ta gìtá ká gbogbo etíkun yìí. Ní Gánà, Kumasi Trio ta á báyìí títí wọ́n fi gba orin wọn sílẹ̀ ní London ní 1928. Ní Èkó, ilé ẹlẹ́mu ni ó ti gbilẹ̀. Gìtá kan, ìgò tí wọ́n ń fi nǹkan lù, ẹmu, àti ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Tunde King, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1910, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó sọ ọ́ di jùjú. Ó gba orin rẹ̀ sílẹ̀ fún Parlophone ní 1936. Ẹ wo ohun tí ó ń ta: gìtá-bánjò, ọrùn gìtá lórí ara bánjò aláwọ. Èmi rò pé ìdí kan náà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi wá irin ni, kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ má baà bo gìtá mọ́lẹ̀. Ní 1949, Ayinde Bakare fi iná mànàmáná sí tirẹ̀, ìjà ohùn kékeré sì parí. Ní nǹkan bí àkókò kan náà ni gángan wọ inú ẹgbẹ́ jùjú. Gìtá onígi kò bá a wí mọ́ lójú agbo. Ó kù sí ilé, sí ṣọ́ọ̀ṣì, àti ọwọ́ àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Ohun tí mo rí, tí ìwé kankan kò sọ fún mi, ni pé àwọn wọ̀nyí kì í dá kọ́ ọ. Ebenezer Obey ti wà nínú ẹgbẹ́ Fatai Rolling Dollar kí ó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Sunny Ade bá Moses Olaiya ṣiṣẹ́, Baba Sala tí a mọ̀ sí aláwàdà, nígbà tí ó ṣì ń kọ orin. Bí okùn kan bá já lágbo bẹ́ẹ̀, ẹnì kan yóò wà níbẹ̀ tí yóò ní, "Kì í ṣe irú eléyìí." Ẹ̀gbọ́n mi dá wà pẹ̀lú gìtá rẹ̀ nínú yàrá ni.

Nítorí náà, n kò dá lọ sí ọjà. Bàbá kan tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bá mi lọ. Mẹ́ta ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún wa. Dreadnought kan ń dán bí ọkọ̀ tuntun. Mo gbé e sẹ́sẹ̀, apá mi ọ̀tún gbé sókè bí ẹni ń fi ọwọ́ kọ́ wíńdò. Mo dá a padà. Olókùn náílọ̀n rọ̀ lábẹ́ ìka, ó sì wù mí gidigidi, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ fẹ̀ ju ọwọ́ mi lọ, ohùn ilé ẹlẹ́mu tí mo sì fẹ́ kọ́ kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ olókùn irin, ara rẹ̀ kéré, àwọ̀ rẹ̀ kò dán. Mo fi rúlà mi wọn gíga okùn lórí irin ọrùn kejìlá: mílímítà méjì ààbọ̀. Bàbá ní kí n ta okùn lásán, kí n tún tẹ̀ ẹ́ ní irin kejìlá yẹn, tó jẹ́ ìdajì okùn gẹ́lẹ́, kí n ta á. Ohùn kan náà ni kí ó jẹ́, kí ó kàn ròkè. Ó rí bẹ́ẹ̀. Mo bi í bóyá pákó iwájú rẹ̀ jẹ́ igi gidi bí ti Torres. Ó ní rárá, pláìwúùdù ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní igi gidi dùn, ṣùgbọ́n kí n jẹ́ kí ọyẹ́ kan dé kí n wò ó bí ó ṣe ń sán. Ó ní kí n fi okùn tín-ín-rín sí i. Mo san owó.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo dáhùn ìbéèrè bàbá mi lójú gbogbo ilé, àti àpò sìmẹ́ǹtì, àti ìfun àgùntàn. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi parí. Wọ́n wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún wa pé ìka rẹ ń bó?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ kò bi mí."

Màmá mi dìde, wọ́n lọ gbé gìtá náà jáde, wọ́n fi aṣọ nù ún. Bàbá ṣọ́ọ̀ṣì ti wò ó. Ó ní ìdí rẹ̀ ṣeé lẹ̀, kí a yọ gbogbo irin kúrò, kí a fi náílọ̀n sí i, ṣùgbọ́n òun kò lè búra fún ọrùn. Bí mo ṣe ń kọ èyí, gìtá náà wà ní ìdùbúlẹ̀ lórí tábìlì ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọlọ màmá mi àti ìwé ìtàn mi méjì wà lórí ibi tí a fi gọ́ọ̀mù sí. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án títí di ọ̀la.