Ìwọ̀n Oògùn: Láti Bingerville dé Treichville

Ìbẹ̀rù àìsàn ló sọ Bingerville di olú-ìlú. Ní ọdún 1899, ibà pọ́njú jà ní Grand-Bassam, ìlú etí òkun tí àwọn Faransé ti ń ṣàkóso Côte d'Ivoire, ó sì pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó ibẹ̀. Ní 1900, ìjọba kó ẹrù rẹ̀ lọ sórí òkè tó kọjú sí ọ̀sà Ebrié, lẹ́bàá abúlé kan tó ń jẹ́ Adjamé. Orúkọ Louis-Gustave Binger, gómìnà àkọ́kọ́, ni wọ́n fi sọ ibùdó tuntun náà. Ibẹ̀ ni olú-ìlú wà títí di 1934 tó bọ́ sí Abidjan. Nínú ọdún 1900 yẹn gan-an ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi ẹ̀rí hàn ní Cuba pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà pọ́njú kiri. Àwọn tó ń di ẹrù ní Grand-Bassam kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń sá fún.

Ibà pọ́njú kò lóògùn. Ibà tí ẹ̀fọn mìíràn ń fà, tí gbogbo ilé mọ̀, òun ló lóògùn: kùnínì, tí Pelletier àti Caventou yọ jáde láti inú èèpo igi ní Paris ní 1820. Orí odò Ọya ni wọ́n ti rí agbára rẹ̀ kedere. Ní 1841, ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ odò náà, ibà sì pa òyìnbó púpọ̀. Ní 1854, dókítà kan tó ń jẹ́ Baikie mú ọkọ̀ Pleiad gba ojú omi kan náà, ó ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kùnínì, ibà kò sì pa òyìnbó kankan nínú wọn. Ajayi Crowther bá wọn lọ lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ṣùgbọ́n èló ni kí èèyàn lò? Etí ni àwọn dókítà ìgbà náà fi ń mọ̀ ọ́n. Bí etí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó, oògùn ti dé ibi tó yẹ; bó bá hó jù, ó ti kọjá ibẹ̀. Ọmọdé a gba ìdá kan nínú ti àgbà. Ohun tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́.

Ogun ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 1942, Japan gba erékùṣù Java, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú kùnínì ayé ti ń wá. Amẹ́ríkà wá gbára lé oògùn mìíràn, Atabrine. Àwọn ọmọ ogun lò ó, síbẹ̀ ibà kò yé mú wọn, oògùn náà sì ń kó ìrora bá ikùn wọn. Ní New York, James Shannon àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ wá ọ̀nà láti wọn Atabrine nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì rí i pé inú ẹran ara ni oògùn náà ń sá pamọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká fi àmù tó ń jò ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá ń da ife omi kan sí àmù òfìfo lójoojúmọ́ yóò pẹ́ kó tó rí omi bù. Kó kọ́kọ́ pọn ún kún ni, lẹ́yìn náà kó máa fi kún un ní ìwọ̀n tó ń jò. Bí Shannon ṣe tún ìlò Atabrine ṣe nìyẹn: èyí tó pọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun méjì ni ìmọ̀ bí oògùn ṣe ń rìn nínú ara dúró lé títí dòní: bí àmù ṣe tóbi tó, àti bó ṣe ń jò tó. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni ojú ihò.

Teorell ará Sweden ti kọ ìṣirò ìmọ̀ yìí sílẹ̀ ní 1937, láìsí ẹni tó fetí sí i. Ìwé Dost, dókítà àwọn ọmọdé ní Jámánì, ló fún ìmọ̀ náà lórúkọ ní 1953. Nígbà tó di 1983, Walker, Salako àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn gbé àbájáde tiwọn jáde: wọ́n wọn kilorokúìnì, oògùn ibà, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tó ní ibà, nígbà tí wọ́n ń lò ó àti lẹ́yìn tí wọ́n lò ó tán.

Ìṣòro kan kù. Láti mọ bí àmù ẹnì kan ṣe ń jò, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n máa ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóòjọ́ kan. Ìyá wo ni yóò gbà kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọwọ́? Sheiner àti Beal ní San Francisco ló tú kókó yìí, láàárín ọdún 1970 sí 1980. Wọ́n kọ ètò kọ̀ǹpútà kan, NONMEM, tó lè gba àbájáde ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ní wákàtí tí kò bára mu, kó pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó sì sọ bí ara àwọn èèyàn náà ṣe ń lo oògùn, àti bí ti lágbájá ṣe yàtọ̀ sí ti tàmẹ̀dù nítorí ìwúwo, ọjọ́ orí tàbí oyún.

Èyí ló jẹ́ kí irú ìwádìí yìí ṣeé ṣe ní Abidjan. Ní ilé ìwòsàn Treichville, àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò mọ̀ bí ẹní mowó, ni wọ́n ti dá ètò PAC-CI sílẹ̀ ní 1996 fún ìwádìí lórí HIV. Nínú ìwádìí TEmAA, tí wọ́n ṣe ní Abidjan, Phnom Penh àti Soweto, àwọn aláboyún tó ní HIV lo hóró méjì tenofovir àti emtricitabine nígbà tí wọ́n ń rọbí, lẹ́yìn náà hóró kan lójúmọ́ fún ọjọ́ méje. Ní 2009, Déborah Hirt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìṣirò ẹ̀jẹ̀ obìnrin 38 jáde. Kíndìnrín aláboyún a máa yára fọ tenofovir dànù. Nítorí náà, hóró méjì nígbà ìrọbí fi oògùn sínú ẹ̀jẹ̀ wọn ní ìwọ̀n tó sún mọ́ èyí tí hóró kan ń fi sínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò lóyún.

Bingerville fúnra rẹ̀ di ìlú ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí ìjọba kó kúrò níbẹ̀. Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ṣí ní 1962. Ti ìyá àti ọmọ, tó ń jẹ́ orúkọ Dominique Ouattara, ṣí ní 2018. Irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwọ̀n kan-náà-fún-gbogbo-èèyàn kò bá mu. Ẹ wo lithium, oògùn ọpọlọ: díẹ̀ ló wà láàárín èyí tó ń wo èèyàn sàn àti èyí tó ń ṣe é léṣe, bí omi ara bá sì gbẹ, yóò ga nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè fi hàn.

Ibi tó le jù ni ìgbà tí HIV àti ikọ́ ẹ̀gbẹ bá pàdé lára ẹnì kan. Rifampicin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ń mú kí ẹ̀dọ̀ ṣiṣẹ́ kọjá ààlà, àmù á wá máa jò gan-an. Ìwádìí Reflate TB2, tí Côte d'Ivoire wà nínú orílẹ̀-èdè márùn-ún tó ṣe é, fi oògùn HIV méjì, raltegravir àti efavirenz, wéra lára aláìsàn 460. Àbájáde 2021 kò lè fi hàn pé raltegravir tó efavirenz. Dolutegravir, oògùn HIV mìíràn, ni ìwé ìlànà ìtọ́jú àgbáyé gbé síwájú báyìí: mílígíráàmù 50 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún àgbàlagbà, ẹ̀ẹ̀mejì fún ẹni tó bá ń lo rifampicin.