Owó Iṣẹ́ Agbẹ̀bí ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Alágbàṣe oko mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin owó òòjọ́ àti owó iye ebè tí a kọ. Ẹni tí a bá ń san owó iye ebè fún, ebè rẹ̀ a máa pọ̀. Bóyá wọ́n tóbi tó, olóko ni yóò fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, wọ́n gbé irú àdéhùn yìí wọ àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Oǹdó, èyí tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Bọ́lọ́runduró. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Adamawa àti Nasarawa náà bá wọn bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2012 Báńkì Àgbáyé fi ọwọ́ sí ẹ̀yáwó 150 mílíọ̀nù dọ́là kí ètò náà lè gbilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Aboyún tó bí sílé ìwòsàn, ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni owó ń wọlé, inú àpò ilé ìwòsàn náà gan-an ní báńkì ló sì ń lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ lè pín tó ìdajì rẹ̀. Ìyókù wà fún oògùn àti àtúnṣe ilé. Nítorí àwọn ebè tí kò tóbi, àwọn olùyẹ̀wò a máa ka ìwé àkọsílẹ̀, ẹgbẹ́ ará ìlú a sì máa wá aláìsàn lọ sílé láti bi í bóyá lóòótọ́ ni wọ́n tọ́jú rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ o. Kì í ṣe gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n san owó iye iṣẹ́ fún. Àwọn kan ń gba nǹkan bí ìdajì owó náà láìka iye iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, òṣìṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ pín nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára àwọn tí wọn kò fún ní kọ́bọ̀, kí wọ́n lè fi wé àwọn tó gbà. Nígbà tí wọ́n wò ó, ọ̀nà méjèèjì ló sàn ju ibi tí owó kò dé lọ, ṣùgbọ́n owó iye iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ borí èkejì.

Èmi kò rí i bí ohun ìyanu. Agbẹ̀bí tí kò ní ìbọ̀wọ́, tí àtùpà rẹ̀ kò lépo, kì í ṣe ọ̀lẹ. Owó tó dé ọwọ́ rẹ̀ láìdúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni ló kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́.

Àwa tí a wà ní ìlú Ọba níhìn-ín náà ti rí tiwa. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2004 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún àwọn dókítà àdúgbò lórí máàkì, tó jẹ́ 1,050 lápapọ̀ nígbà náà. Ìjọba rò pé wọn yóò gba bí mẹ́ta nínú mẹ́rin. Lọ́dún àkọ́kọ́ wọ́n gbà ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ, owó tó jáde sì ju èyí tí a ti pèsè sílẹ̀. Scotland fi òpin sí i ní ọdún 2016. Ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ dókítà nígbà náà nítorí ẹsẹ̀ dídùn, tí wọ́n kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, tí wọ́n tún bi í bóyá ó ń mu sìgá, kò mọ̀ pé máàkì wà nínú méjèèjì.