Kí Ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ Má Bàa Bá Akọ̀wé Lọ

Ní ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, dá WASU sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé lẹ́tà wọn nígbà náà. Ní 1926 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn *Wasu*, kí ọ̀rọ̀ kan náà lè dé etí gbogbo ẹgbẹ́.

Ìyà lẹ́tà yẹn kò jẹ àwa. Àdírẹ́sì ímeèlì kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ àṣà wa fi ń bá ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìbàdàn àti àgbà ẹgbẹ́ ní Houston sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n àwọn ìwé Ṣólàńkẹ́ ṣì wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Èkó. Ibẹ̀ ni àwọn onítàn ti ń rí bí ẹgbẹ́ náà ṣe jiyàn, àti bí wọ́n ṣe wá owó ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣí ní 1933. Tiwa ńkọ́? Akọ̀wé wa kan kẹ́kọ̀ọ́ jáde, páásíwọ́ọ̀dù bá a lọ. Àríyànjiyàn ọdún mẹ́ta lórí ìdíje ewì wa wọmi. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, a tún ja ìjà kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà wa, bí ímeèlì àtijọ́ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́. Àrọ́bá ni baba ìtàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó jẹ́ àrọ́bá nìkan ni àwọn àbúrò wa máa bá.