Ibi Tí A Ti Ń Wò Ó: Ìyára Àfiwé ní Oríta Òrè

Kò sí ìyára tí a lè sọ iye rẹ̀ láìkọ́kọ́ sọ ibi tí a ti ń wò ó. Ẹni tó dúró sẹ́bàá títì Èkó sí Bìní ní Òrè, ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó, lè rí bọ́ọ̀sì tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Lójú èrò inú rẹ̀, igi ẹ̀bá ọ̀nà ló ń sá sẹ́yìn. Òótọ́ ni méjèèjì. Galileo ti ṣàlàyé irú èyí ní 1632 nípa yàrá inú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ geere.

Òfin tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ há sórí ni pé kí wọ́n yọ iye kan kúrò nínú èkejì bí ọkọ̀ méjì bá jọ ń lọ síbì kan náà, kí wọ́n sì rò wọ́n pọ̀ bí wọ́n bá ń pàdé. Bí agbégilódò tó ń sá 60 bá fi kìlómítà 2 ṣíwájú bọ́ọ̀sì náà, 40 ni ìyàtọ̀ wọn; ìṣẹ́jú 3 ni bọ́ọ̀sì yóò fi bá a, lẹ́yìn tó ti rin kìlómítà 5 lórí títì. Bí wọ́n bá ń pàdé, 160 ni. Ìṣẹ́jú àáyá 45 péré ló kù.

Ní oríta ni òfin yìí ti já. Ká ní bọ́ọ̀sì ń lọ sí ìlà-oòrùn ní 60, tí ọkọ̀ kan sì ń ti Oǹdó bọ̀ sí gúúsù ní 80. Kì í ṣe 140, kì í sì í ṣe 20. Òfin tó kárí ni pé kí a yọ ìyára ẹni tó ń wò kúrò nínú ìyára ohun tó ń wò, pẹ̀lú ìhà wọn. A ó ya ọfà kọ̀ọ̀kan, a ó yí ọfà bọ́ọ̀sì padà sí ìwọ̀-oòrùn, a ó sì so ó mọ́ ọfà kejì: 60² pẹ̀lú 80² jẹ́ 10,000, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 100. Lójú èrò bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ Oǹdó ń sá 100, ó sì fi ìwọ̀n 37° yà láti gúúsù sí ìwọ̀-oòrùn.

Òfin kan náà ló bí méjì àkọ́kọ́: 60 yọ 100 jẹ́ −40, agbégilódò ń fà sẹ́yìn lójú èrò, −60 yọ 100 jẹ́ −160. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó ń wò, kí ó yan ìhà tí yóò kà sí rere, lẹ́yìn náà ni kí ó ṣe ìṣirò. Ọ̀nà yìí tó fún gbogbo ohun tó ń rìn lórí títì; kìkì ohun tí ìyára rẹ̀ bá sún mọ́ ti ìmọ́lẹ̀, nǹkan bíi 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ló nílò àtúnṣe tí Einstein gbé jáde ní 1905.