Ohùn Ọlọ́lá àti Ọ̀ràn Ìfẹ́ ní Àríwá Èkìtì

Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà tí ó ti Ìdó gba Ìfàkì lọ sí Ọ̀yẹ́, tí ó sì tẹ̀ síwájú títí ó fi dé Ìkọ̀lé, yóò gbọ́ oríṣi ohùn mẹ́ta kí ó tó dúró. Yóò gbọ́ ohùn Èkìtì lẹ́nu àwọn ìyá tí ń pàtẹ iṣu sí ẹ̀bá ọ̀nà. Yóò gbọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò ní ilé ìjọsìn, ní ilé ẹ̀kọ́ àti nínú rédíò. Bí ó bá sì dé ìtòsí ọgbà Yunifásítì, yóò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi imú sọ bí ẹni pé Lọ́ńdọ̀nù ni a gbé bí wọn. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú òfin pé ọ̀kan ga ju èkejì lọ, síbẹ̀ kò sí ọmọ tí ó ti bàlágà ní agbègbè náà tí kò mọ èyí tí ó ga. Ìgbà tí ọmọkùnrin bá fẹ́ dẹnu ìfẹ́ kọ ọmọbìnrin ni ìmọ̀ náà máa ń hàn jù lọ: yóò gbé ohùn ìyá rẹ̀ tì sí apá kan, yóò sì mú ohùn mìíràn sẹ́nu.

Láyé àtijọ́, ohùn ọmọkùnrin fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan nínú ọ̀ràn yìí. Alárenà ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ tí ó ń gbé e bọ̀, àwọn ẹbí méjèèjì ni wọ́n sì ń ṣe ìwádìí. Àrùn, gbèsè, olè, ọ̀lẹ àti ìwà ìdílé ni wọ́n ń wádìí. Bí wọ́n bá gbà fún ọmọkùnrin náà, oko àna ni yóò ti fi apá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́ àti líle tí wọ́n ń wí yìí, ìwà ni, kò kan ìlú tí ènìyàn ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ará Ìkọ̀lé lè fi ohùn ará Ìdó ṣẹ̀fẹ̀, ará Ìdó náà lè dá a padà fún un, ẹ̀rín ni yóò sì parí rẹ̀.

Ohùn Ọ̀yọ́ jẹ́ ohùn àjèjì tí agbára gbé wọ agbègbè náà. Láti àwọn ọdún 1850 síwájú ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti ń ja àwọn ìlú Èkìtì, tí wọ́n sì ń fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú tí wọ́n bá ṣẹ́gun. Ajẹ́lẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n ń jẹ ohun tí wọn kò gbìn, ìwà àìtọ́ tí wọ́n ń hù sí àwọn obìnrin sì wà lára ẹ̀sùn tí ó mú kí Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí wọn ní ọdún 1878. Ogun Kírìjì gbóná. Ní ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ọdún 1893 ni ibùdó ogun sì tó tú ká pátápátá. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ó ṣòro láti rò pé ọmọbìnrin kan ní àríwá Èkìtì yóò gbọ́ ohùn ará Ìbàdàn tí inú rẹ̀ yóò dùn. Ohùn ẹni tí ń kó ni lẹ́rú ni.

Ohùn kan náà yìí ni ó di ohùn ẹ̀yẹ kí ìran kan tó kọjá, ohun tí ó sì yí i padà ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tẹjú mọ́. Nígbà tí ogun parí, àwọn ọmọ Èkìtì tí a ti kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Àwọn kan nínú wọn ti di onígbàgbọ́. Wọ́n mọ ìwé díẹ̀, wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́ tuntun, wọ́n sì ti kọ́ láti máa sọ̀rọ̀ bí ará Ọ̀yọ́. Ìwé tí wọ́n gbé lọ́wọ́ pẹ̀lú, ohùn Ọ̀yọ́ ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, ni ó ṣáájú iṣẹ́ ìtúmọ̀ Bíbélì tí ó parí ní ọdún 1884. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 ni ó sì ti fi ìdí àkọtọ́ múlẹ̀. Ní ọdún 1896 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọ CMS, tí a wá mọ̀ sí St Andrew's College, bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ gan-an. Láti ibẹ̀ ni àwọn tíṣà ti ń tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí tíṣà bá dé ìlú kan ní Èkìtì, ohùn ajẹ́lẹ̀ ni ó wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbé idà. Àwọn tí ń gbọ́ ọ kò sá fún un mọ́. Èyí fi hàn pé adùn kò sí nínú ohùn náà tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó tẹ̀lé ohùn náà wọ ìlú ni ó fún un ní adùn.

Ó dára kí àwọn tí ń múra ìdánwò sílẹ̀ mọ ibi tí ìyàtọ̀ wà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, ọ̀rọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì u níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ń lo i: ulé ni wọ́n ń pe ilé, uṣẹ́ ni wọ́n ń pe iṣẹ́. Àǹkóò fáwẹ̀lì Èkìtì tún gbòòrò ju ti Ọ̀yọ́ lọ, èyí ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ ní ọrúkọ, tí wọ́n sì ń pe èlùbọ́ ní ẹ̀lùbọ́. Abíọ́dún Adétúgbọ̀, nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ó ṣe ní ọdún 1967 lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ya Èkìtì sí àárín gbùngbùn pẹ̀lú Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè sì ti sọ ọ́ pé ètò fáwẹ̀lì agbègbè àárín yìí ni ó yí padà kéré jù láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ń pe ọrúkọ kò ba èdè jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, olùyẹ̀wò yóò fa bírò pupa sí i; bí ó bá sọ ọ́ níwájú ọmọbìnrin tí ó ti Ìbàdàn wá, ọmọbìnrin náà lè fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Bírò pupa àti ẹ̀rín yẹn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ní Èkó, ohùn mìíràn ni ó ń jọba ní tirẹ̀. Àwọn Sàró àti àwọn ọmọ wọn ti ní CMS Grammar School láti ọdún 1859, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ti CMS sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1869. Ọ̀mọ̀wé Èkó tí yóò bá fẹ́ ìyàwó láwùjọ yẹn gbọ́dọ̀ mọ òyìnbó sọ létí pẹpẹ àti nídìí dùùrù. Òfin Ìgbéyàwó tí ó jáde ní ọdún 1884 sọ pé ìyàwó kan ṣoṣo ni ọkọ tí ó bá gbéyàwó lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní. Kristin Mann, tí ó tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1985 lórí ìgbéyàwó àwọn ọ̀mọ̀wé náà, fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ó fi rìǹgì gbé ìyàwó sílé ni ó tún ní obìnrin mìíràn lóde. Ohùn dídán kò dí wọn lọ́wọ́. Àwọn kan nínú wọn padà kọ ẹ̀yìn sí àwọ̀kọ́ṣe yìí. David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, sọ ara rẹ̀ di Mọ́jọlá Àgbébí ní ọdún 1894.

Àṣà Èkó yìí pẹ́ kí ó tó dé Èkìtì, ilé ẹ̀kọ́ ni ó sì gbà wọlé. Archdeacon Henry Dallimore dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní ọdún 1933, Donald Mason sì darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Àwọn ọmọ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó tí wọ́n rí àyè wọ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́ òyìnbó lẹ́nu òyìnbó fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, tíṣà di ẹni tí ó wà ní gbogbo abúlé, ojú àwọn ọmọbìnrin sì ń lọ sí ara rẹ̀. Ó ń gba owó oṣù láìdúró de ìkórè kòkó. Ó ní kẹ̀kẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun, wọ́n sì lè gbé e kúrò ní abúlé lọ sí ìlú ńlá, kí ìyàwó rẹ̀ bá a lọ. Àgbẹ̀ olóko kòkó lè lówó jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo ṣí ojú ọ̀nà Èkó sílẹ̀ níwájú ọmọ ọdún méjìdínlógún. Lẹ́tà ìfẹ́ pẹ̀lú, ọwọ́ tíṣà ni ó wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò mọ ìwé yóò sọ tinú rẹ̀ fún un ní Èkìtì, òun yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá Bíbélì. Nígbà tí lẹ́tà bá fi máa dé ọwọ́ olùfẹ́, ìfẹ́ náà ti di ará Ọ̀yọ́.

Wọlé Ṣóyínká rí irú ènìyàn yìí kedere. Nínú The Lion and the Jewel, eré tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, Lákúnlé tíṣà kó òyìnbó jọ gègèrè lé Sidi lórí, ó sì kọ̀ láti san owó orí. Baroka Baálẹ̀ ni ó gba ọmọbìnrin náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn òǹkàwé kan ti bínú sí òpin eré yẹn, wọ́n ní ẹ̀tàn ni Baálẹ̀ fi borí, òtítọ́ sì ni. Síbẹ̀ ìṣòro Lákúnlé yé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé abúlé: ó mú ohùn ọlọ́lá wá láìmú ọlá wá.

Ọ̀ràn yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Montreal ní orílẹ̀-èdè Kánádà, Wallace Lambert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1960. Wọ́n gba ohùn àwọn ènìyàn kan sílẹ̀ tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́ẹ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́ẹ̀kan ní Faransé, wọn kò sì jẹ́ kí àwọn tí ń gbọ́ ọ mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Àwọn olùgbọ́ ní ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ga jù, ó lẹ́wà jù, ó sì gbọ́n jù. Àwọn ọmọ Faransé fúnra wọn sọ bẹ́ẹ̀! Wọn kò rí ojú ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ ni wọ́n fetí sí, etí wọn sì ti ya àwòrán ọkùnrin arẹwà fún wọn. Inúure àti ìfọkànsìn nìkan ni àwọn Faransé fi sílẹ̀ fún ohùn tiwọn. Nígbà tí Howard Giles ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1970, ó rí i pé ohùn àwọn ọlọ́lá ń mú kí a rí ènìyàn bí ẹni tí ó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ohùn ìgbèríko ni ó ń mú kí a rí i bí olóòótọ́ tí ó ṣe é bá rìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ yan ọkọ tàbí aya ní láti ro méjèèjì papọ̀.

Tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, Yorùbá àjùmọ̀lò sì di ohùn àwọn olólùfẹ́ inú eré. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, gba ọ̀nà yìí nínú eré tirẹ̀. Ẹni tí ń sọ ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ̀ lórí ìtàgé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń fi í ṣe aláwàdà tàbí ìránṣẹ́. Ọmọ tí ó bá ń wo irú eré bẹ́ẹ̀ láti kékeré kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé a kì í fi ohùn bàbá ẹni pe olólùfẹ́.

Àwọn tí ó ru ẹrù ọ̀ràn yìí jù ni àwọn obìnrin. Ọmọ Ìkọ̀lé tí ó bá fẹ́ ará Èkó nítorí pé ẹnu rẹ̀ dùn, ilé tí a kì í ti sọ Èkìtì ni ó ń lọ. Bí ọkọ bá ní kí wọ́n máa fi òyìnbó bá ọmọ sọ̀rọ̀ kí ahọ́n rẹ̀ má baà wúwo, ìyàwó a gbà, nítorí òun pẹ̀lú rántí bí wọ́n ṣe fi òun rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n bá wá ọdún Kérésìmesì sílé, ìyá àgbà yóò máa ki ọmọ, ọmọ yóò máa wo ojú ìyá rẹ̀ kí ó lè túmọ̀ rẹ̀. Oríkì tí a ní láti túmọ̀ kò wọni lára. Èkìtì ń yangàn, lọ́nà tí ó tọ́, pé kò sí agbo ilé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó yẹ kí ẹnì kan ka iye àwọn ọmọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà tí wọ́n lè bá bàbá àgbà wọn ṣẹ̀fẹ̀.

Fóònù alágbèéká tí ó gbòde láti ọdún 2001 tún dá kún un, nítorí pé ohùn wá ń dé etí kí ojú tó rí ojú. Ní ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, ó sì ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé. Àwọn ọmọ gbogbo ìpínlẹ̀ dé. Ọmọ onílé tí bàbá rẹ̀ ń fi yàrá háyà fún akẹ́kọ̀ọ́ wá rí i pé òyìnbó tí òun kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kò tó; èyí tí a ń fi imú sọ, tí r inú rẹ̀ ń yí bí ti ará Amẹ́ríkà, ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún. Àwọn kan ń kọ́ ọ nínú fíìmù, wọ́n ń dán an wò lórí fóònù, wọ́n sì ń rí olólùfẹ́. Bí wọ́n bá di tọkọtaya, ohùn náà kì í pẹ́ kí ó tó rẹ̀ wọ́n lẹ́nu: kò sí ẹni tí ń fi imú jà nígbà tí owó oúnjẹ bá tán.

Níbi ìdána lóde òní, Yorùbá àjùmọ̀lò àti òyìnbó ni alága ìjókòó àti alága ìdúró fi ń dá ẹ̀bẹ̀, tí wọ́n fi ń pa ẹbí ọkọ lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan àdúrà, wọn a gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún àgbà tí ó dàgbà jù nínú agbo ilé. Èkìtì ni bàbá náà máa ń fi wúre. Ìyàwó yóò kúnlẹ̀, yóò tẹrí ba, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò máa ṣe àṣẹ, àti àwọn tí ó gbọ́ ọ àti àwọn tí kò gbọ́.