Súpí

Súpí ni orúkọ tí àwọn ará Gánà ń pe ìbáṣepọ̀ tímọ́tímọ́ láàrin ọmọbìnrin méjì, pàápàá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú rẹ̀, níbi tí ẹni tó wà ní kíláàsì òkè ti ń yan ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ kan láàyò, tí wọ́n ń fún ara wọn ní ẹ̀bùn àti lẹ́tà, tí wọ́n sì máa ń jowú bí ẹlòmíràn bá tún yọjú. Fíìmù fídíò Gánà ti ọdún 1990 sí 1999 ló sọ ọ́ di ohun ìfura, pé ìbálòpọ̀ obìnrin sí obìnrin ni. Serena Owusua Dankwa, nínú ìwé rẹ̀ Knowing Women (2021), fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti jáde kúrò ní ilé-ìwé.

Ìfura yìí tún le lórí pápá bọ́ọ̀lù, nítorí pé ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ti kọjá ààlà tí àwùjọ pa fún un. Ní Nàìjíríà, Eucharia Uche, tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin orílẹ̀-èdè náà, nígbà náà, sọ ní 2011 pé òun ń lé ìfẹ́ láàrin obìnrin sí obìnrin kúrò nínú ẹgbẹ́ náà.

Ní Gánà, òfin tó wà lórí ìbálòpọ̀ tí wọ́n kà sí èyí tí kò bá ìwà ẹ̀dá mu ni abala 104 òfin ìwà ọ̀daràn ti 1960. Àbádòfin tó le jù ú lọ, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí ní February 2024, kò rí ìbuwọ́lù ààrẹ gbà, ṣùgbọ́n wọ́n tún gbé e wá ní 2025.